Àgbọ̀n Benuel

7.

…bẹ́ẹ̀ ni irun kankan kò gbọdọ̀ wà láàárín ìbòjú èéfín àti awọ ojú panápaná, kí èéfín má baà gba ibẹ̀ wọlé. Òfin yìí kan ẹni tó ń gbowó oṣù, ó sì kan ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá rú u, a ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa.

(Ojú ewé kìíní dé ìkẹfà, mo ti fi dáná. Ẹ má bi mí.)

8.

Èmi Lamar Groff, olórí panápaná Kettle Run ní Pennsylvania, ni mo ń to àwọn àjákù yìí jọ. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Lọ́sàn-án, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yòókù ti lọ síṣẹ́ nílùú ńlá, èmi àti àwọn Ámíṣì ló kù nílé, ìyẹn àwọn onígbàgbọ́ tí kì í wa ọkọ̀, tí kì í sì ní tẹlifóònù nínú ilé. (Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tí kì í ṣe Ámíṣì. Jámánì ni baba ńlá mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jiyàn?) Tí fèrè iná bá ké, wọ́n á ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á sáré wá. Èyí tó bá ti gbéyàwó nínú wọn kò gbọdọ̀ fá irùngbọ̀n mọ́ títí ikú.

9.

Òfin ìjọba: fá a.

Òfin ìjọ: o ò gbọdọ̀ fá a.

Iná ò mọ̀wé.

10.

OHÙN TÍ MO BÁ LÓRÍ TẸLIFÓÒNÙ

"Ọ̀gá Lamar, Naomi Riehl ni o, àfẹ́sọ́nà Benuel Esh. Inú ahéré tẹlifóònù ẹ̀bá títì ni mo wà, òtútù ń pa mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá. Bàbá mi ti gbin ẹ̀fọ́ sẹ́lẹ́rì tí a ó jẹ níbi ìgbéyàwó. Ta ni ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ ládùúgbò yìí? Benuel wá ní ká sún un di ọdún tó ń bọ̀, pé òun nìkan ni àgbọ̀n òun ṣì dán nínú àwọn tiwa tó wà nílé lọ́sàn-án. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni àbí èmi? Ẹ wá ẹlòmíràn."

11.

Mi ò rí ẹlòmíràn.

12.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kọkànlá. Mo jẹ adìyẹ, mo jẹ sẹ́lẹ́rì, mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn rárá. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, irùngbọ̀n Benuel ti hù ṣákaṣàka bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ku èmi nìkan tí mo lè wọ ìbòjú lọ́sàn-án. Òfin kan náà ló sì sọ pé ẹnìkan ò gbọdọ̀ dá wọ ilé tó ń jó.

13.

Ọ́FÍÌSÌ ÌJỌBA LẸ̀ Ẹ́ MỌ́ ILẸ̀KÙN WA

ÌKÌLỌ̀! A rí àwòrán onírùngbọ̀n nínú ìbòjú ẹgbẹ́ yín. Bí a bá tún rí i, a ó ti ibí pa.

(Ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Nígbà náà, ẹ wá máa pa iná ọ̀hún fúnra yín.*)

14.

Ọ̀sán Ọjọ́rú. Ilé Malinda Riehl, ìyá àgbà Naomi, ń jó láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wa gba ohùn gbogbo wa sílẹ̀.

NAOMI: Màmá wà lókè! Wọn ò lè dá sọ̀kalẹ̀!

ÈMI: Ẹgbẹ́ kejì dà?

IBÙDÓ (lórí rédíò): Wọ́n ń bọ̀. Yìnyín ló dí ọ̀nà.

BENUEL: Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìbòjú.

ÈMI: Wo àgbọ̀n ẹ.

BENUEL: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá!

ÈMI: Tí wọ́n bá tì wá pa ńkọ́? Ta ló máa pa iná ọ̀la?

ELAM (àgbà Ámíṣì, òun ló di rọ́bà omi mú): Òfin, òfin! Ṣé òfin ló máa pọn màmá sọ̀kalẹ̀?

BENUEL: Abẹ yín dà?

(Inú ọkọ̀ ni abẹ mi ń gbé. Òfin ti sọ mí di ẹni tó ń fá àgbọ̀n lójoojúmọ́ bí ọkọ ìyàwó.)

ELAM: Benuel! O ti gbéyàwó o. O mọ nǹkan tí ìjọ máa ṣe fún ẹ.

BENUEL: Naomi?

(Mo ti na abẹ sí i.)

NAOMI: Fá a.

15.

Nǹkan tí ìjọ máa ṣe, bí Elam ṣe sọ ọ́ fún mi: wọn ò ní bá a jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́. Wọn ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀; ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ gbà á. Àfi tó bá kúnlẹ̀, tó ní òun ṣẹ̀, tó sì kábàámọ̀.

16.

Èéfín. Àtẹ̀gùn. Ọwọ́ Benuel lára bẹ́líìtì mi. Mi ò lè tò ó dáadáa. A gbé màmá jáde láàyè.

18.

LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ÌJỌBA

A ti gbọ́ ohùn inú ọkọ̀ yín. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe ló bófin mu. Ẹ kú iṣẹ́.

(Mo kà á, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní ṣé kò sí wàhálà. Mo ní ó wà.)

17.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí èyí ṣáájú. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ ni.

A tẹ́ màmá sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí yìnyín. Benuel bọ́ ìbòjú, ó bu omi sínú ife. Ẹ̀jẹ̀ ń jò níbi tí abẹ ti gé e.

BENUEL: Màmá, ẹ mu díẹ̀.

Màmá wo àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́.

MÀMÁ: Ta lèyí?

NAOMI: Ọkọ mi ni, Màmá. Òun ló gbé yín jáde.

MÀMÁ: Ọkọ ẹ ní irùngbọ̀n.

Wọ́n yí ojú kúrò lára ife. Ikọ́ ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, wọn ò gba omi. Ni Benuel bá na ife náà sí ìyàwó rẹ̀, pé kó bá òun fún wọn. Màmá ń wo Naomi. Elam ń wò ó. Èmi náà ń wò ó.

Ọwọ́ Benuel ṣì nà. Naomi ò tíì gbà á.