Ìyá Kan Tó Gba Gbogbo Àga

Àbúrò mi ọkùnrin dá èdè tuntun sílẹ̀, èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Èmi ò bá a jiyàn. Ẹni tó bá bá a jiyàn, itọ́ ẹnu onítọ̀hún ló máa gbẹ lásán.

Ó kọ́ mi ní èdè ọ̀hún nídìí tábìlì tí mo ti ń gba àwọn aláìsàn wọlé ní ilé ìtọ́jú eyín. Kò le rárá. "Bí" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò tíì dájú: bí àga bá ṣófo, pe ẹni tó kàn. "Títí" ló ń mú kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan kan náà lọ láìsinmi: máa pè wọ́n títí àga á fi kún. Gbogbo gbólóhùn gbọ́dọ̀ parí sí "o". Bí o bá gbàgbé rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn máa wò ẹ́ bí ẹni tí wọn ò tíì bá sọ̀rọ̀ tán. Èyí tó mú orí àbúrò mi wú jù ni pé ẹyọ àti púpọ̀ ò ní wàhálà. "Ó dé o," àga kan nìyẹn. "Wọ́n dé o," èrò nìyẹn, kọ̀ǹpútà á to àga fún wọn.

Dókítà tó ni ilé ìtọ́jú náà ò rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjú sí àbúrò mi. "Ìwọ ọmọ yìí, àárọ̀ yìí nìkan ni mo fún ẹ. Bó bá da iṣẹ́ mi rú, gbé e kúrò níbẹ̀, má sì gbé e wá síwájú mi mọ́."

Gbogbo ibi tí àbúrò mi ti kanlẹ̀kùn ṣáájú ni wọ́n ti lé e. Èmi ni mo bẹ dókítà títí ètè mi fi fẹ́ẹ̀ bó. Bí ti òní ò bá bọ́ sí i, èdè náà kú nìyẹn.

Awakọ̀ kan wọlé, mo tẹ "Ó dé o", àga kan yọ. Inú mi dùn. Ìyá àgbà kan tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n na ọrùn wo ohun tí mò ń tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé: "Wọ́n dé o."

Kọ̀ǹpútà kó gbogbo àga fún wọn, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà: "Èrò ti kún. Kí àwọn tó kù máa lọ sílé."

Awakọ̀ fò dìde. "Èrò wo? Ìyá kan ṣoṣo ni mo rí!"

Dókítà yọjú, wọ́n fajú ro. Àbúrò mi sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ 'Ó dé o'."

"Èmi? Fún ẹni tó lè bí ìyá tó bí wa?"

"Tẹ̀ ẹ́," ìyá wí. "Jẹ́ kí n rí ọwọ́ tí o máa fi tẹ̀ ẹ́."

Ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Àbúrò mi jókòó, òógùn bò ó. Ó yí òfin padà: ẹnì kan ni "wọ́n", "àwọn" ló di èrò. Ó ní ó yá. Mo tẹ̀: "Àwọn ìyá wa dé o." Àga tún kún fọ́fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Bí a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn!"

"Ó tó," dókítà wí.

"Ìṣẹ́jú kan péré, sà." Ó yára kọ òfin mìíràn. Mo tún tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kọ̀ǹpútà ò pín àga kankan. Ìbéèrè ló bi mí: "Wọ́n pọ̀ ni, àbí wọ́n dàgbà ni?"

Ìyá kà á sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé eyín. "Wọ́n dàgbà o!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Àga kan ṣoṣo yọ. Awakọ̀ padà jókòó.

Dókítà wo kọ̀ǹpútà títí, wọ́n wá yíjú sí àbúrò mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sórí èyí tó wà lọ́fíìsì mi náà."

Àbúrò mi bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹlòmíràn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.