Àwọ̀n Irin Orí Kántà

Ẹ wò ó, inú ń bí mi bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọdún kẹrin rèé tí bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́ ti wà lẹ́wọ̀n. Awakọ̀ ẹrù ni. Bíréèkì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èèyàn méjì kú, adájọ́ sì fún un ní ọdún mọ́kànlá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ irin jíjó, ó di baálé ilé kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, àwọn òbí ọmọbìnrin náà ní àwọn ò lè fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe àna láéláé. Ọmọbìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Títí dòní, wọn ò wá wo ọmọ tó bí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó so ìdílé yìí pọ̀: kántà. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń rí ẹlẹ́wọ̀n, kántà onísìmẹ́ńtì kan wà láàárín, kò ga ju ìgbáròkó lọ. Ẹlẹ́wọ̀n á jókòó lápá ọ̀hún, ará ilé á jókòó lápá ìhín, ogún ìṣẹ́jú. Wọn ò ní kẹ́nì kan má fọwọ́ kan ẹnì kan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù, Màmá á nawọ́ sórí kántà, Bàbá á dì í mú, ìgbà mìíràn sì wà tí wọn ò ní sọ ju "ṣé ara le?" lọ títí àkókò á fi pé. Màmá máa ń sọ lójú ọ̀nà pé, "Èmi kì í ṣe opó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọkọ mi lọ́wọ́ mú ni."

Nígbà tí ìyàwó Tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọbìnrin, Bàbá ránṣẹ́: "Ẹ gbé e wá kí n gbé e, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan." Wọ́n ní kí ọmọ pé oṣù méjì ná, kí ọrùn rẹ̀ le. Ọjọ́ tí wọ́n dá ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ kó irinṣẹ́ o! Iṣẹ́ ìjọba ti já mọ́ wa lọ́wọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n! Ẹnì kan yọ́ ki fóònù bọ ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ lórí kántà, wọ́n wá ní ká fi àwọ̀n irin dí i láti orí kántà dé òkè àjà. Ó gbọ́dọ̀ parí lọ́jọ́rú."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé Tẹ́ẹ́rẹ́ ní bàbá lẹ́wọ̀n. Ta ni í gbé irú ìyẹn wá síbi iṣẹ́?

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ sìnkú ni?"

"Rárá sà."

"Tí o ò bá ṣe é, ẹni tó máa ṣe é wà nílẹ̀. Á sì bá ẹ gba ààyè ẹ."

Ó délé, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Obìnrin náà ní kó má lọ.

"Tí mi ò bá lọ, ṣé wọn ò ní dí i ni?"

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Màmá ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jó irin náà. Ajórin tó mọṣẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló kó bá a. Ní igun kan lẹ́bàá ògiri, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi iná kan àwọ̀n náà lásán, kó lè fà á ṣí lọ́jọ́ kejì kí ọmọ gba ibẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú kan péré ni Bàbá ń wá. Àmọ́ nígbà tí wọ́dà tó ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n mú òòlù, tó ń lu irin náà wò, gbogbo ẹ̀ ń dún kọ́ọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́. Ó dé igun, ó dún kẹ̀rẹ̀ bí irin tí kò lẹ̀. Ká ní gbogbo iṣẹ́ náà rí jákujàku ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àárẹ̀ ti mú ọmọ yìí. Tẹ́ẹ́rẹ́, jó o dáadáa."

Wọ́dà dúró tì í. Tẹ́ẹ́rẹ́ fi awò dúdú bojú, ó ń sunkún lábẹ́ ẹ̀, ó jó o dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn lọ. Bàbá ti fá irùngbọ̀n nítorí ọmọ. Ó rí àwọ̀n náà, ó dúró gbagidi.

"Kí lèyí?"

"Òfin tuntun ni, Bàbá," wọ́dà fèsì.

Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ọmọ sún mọ́ irin. Bàbá ki ìka kan bọ ihò, kò kọjá èékánná. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò kan ọmọ. Ó wá ń fẹnu kí i, "Ìyá mi, káàbọ̀, ìyá mi." Màmá ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ irin níbi tó ti máa ń nawọ́ tẹ́lẹ̀, kò rí nǹkan dì mú. Ni obìnrin náà bá figbe ta.

"Ẹni tó jó irin yìí, bó ti wù kó pẹ́ láyé tó, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ọmọ-ọmọ tiẹ̀!"

"Àmín!" Gbogbo àwọn tó wá wo èèyàn wọn ló dáhùn, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí ẹni tó máa bá wọn sọ ọ́. Bàbá náà ṣe àmín. Ìyàwó Tẹ́ẹ́rẹ́ gbójú sílẹ̀.

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹnu ń dùn ẹ́ ni, tí o ò ṣe àmín?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo ọmọ tó gbé lọ́wọ́.

"Àmín, Màmá," ló wí.