Nọ́ńbà Mọ́kànlá Lórí Máàpù

Bí àlejò kan bá tún bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí nǹkan ojúlówó ní ìlú yín?", mo lè bì sí i lára. Mi ò sọ àsọdùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sẹ́yìn tábìlì nínú ilé onígíláàsì tó wà létíkun, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já èrò sí erékùṣù wa. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń nàka: odi àtijọ́ lápá òsì, ilé gogoro oníná lápá ọ̀tún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn yín. Òórùn ìpara tí wọ́n fi ń para nítorí oòrùn, tó dà pọ̀ mọ́ òógùn wọn, kì í kúrò nímú mi títí mo fi ń délé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló ń rí mi lára jù. Èmi fúnra mi ni.

Èmi ni mò ń kọ máàpù. Ìwé pélébé kan ni, tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwòrán erékùṣù wà lójú kan, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nípa ogún ibi tó yẹ kí àlejò dé wà lójú kejì, ibi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àmì róbótó pupa. Ẹlòmíì ló ń yàwòrán, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku ọ̀la kí iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, nọ́ńbà mọ́kànlá wó. Ilé tí wọ́n ti ń hun okùn ọkọ̀ nígbà kan ni. Omi ti jẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ tán, ilé wá rọra jókòó sínú òkun bí arúgbó tó rẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni, àfi máàpù wa.

"Fi nǹkan míì síbẹ̀," ni ọ̀gá wa wí. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé sinmi. Bó bá ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín náà ló máa ń rín.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú yọ mọ́kànlá kúrò, sà."

"Tá a bá yọ ọ́, méjìlá á di mọ́kànlá, mẹ́tàlá á di méjìlá, gbogbo àwòrán la máa tún yà. Àdúgbò àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe ni mọ́kànlá wà. Ṣé kò sí nǹkan kan tó dáa níbẹ̀ ni?"

Àdúgbò yẹn ni ilé wa wà. Ebi ń pa mí, ẹ̀yìn ń ro mí, mo fẹ́ máa lọ. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí mo fi kọ ọ́: "11. Ìyá Ojú Fèrèsé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà kan máa ń jókòó síbí, tó ń wo òkun. Ẹ juwọ́ sí i, yóò juwọ́ padà. Fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí aago mẹ́rin bá lù, yóò bá fìlà náà sọ̀rọ̀."

Màámi ni mo kọ bẹ́ẹ̀.

Òkun kọ́ ni Màámi ń wò ná. Kò fẹ́ràn òkun rárá, ó ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Orúnkún rẹ̀ ló kọṣẹ́ sílẹ̀, ni mo bá gbé àga rẹ̀ sójú fèrèsé kó lè máa rí ayé: ta ló ń lọ, ta ló ń bọ̀, aṣọ ta ni wọ́n sá tí òjò fẹ́ pa. Ó sì ń ṣọ́ mi níbẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, bí mo bá ti yọ ní kọ̀rọ̀ báyìí, á ti fi ọ̀pá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí n tó débẹ̀. Láti kékeré mi, mi ò kan ilẹ̀kùn ilé wa rí.

Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn, àṣírí ni. Lọ́jọ́ kan, ibà mú mi níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láago mẹ́rin. Mo gbọ́ ohùn Màámi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Fìlà Bàámi wà lójú fèrèsé, níbi tí Màámi máa ń sá a sí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ó sì ń ròyìn ọjọ́ náà fún un: pé aládùúgbò wa ra ìkòkò tuntun, ó ti ń jò, pé ikọ́ òun ti lọ, pé "ọmọ ẹ ò tíì dé o, ó ti rù, wọn kì í jẹ́ kó ráyè jẹun níbi iṣẹ́ yẹn." Mo dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé títí ó fi parí. Mo wá yọ́ jáde, mo tún padà wọlé pẹ̀lú ariwo. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan láyé yìí, àfi ìgbà tí àyè kan ṣófo lórí máàpù, tí mo sì sọ ọ́ fún ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Oṣù kìíní dùn. Àwọn àlejò ń juwọ́, Màámi ń juwọ́. "Àwọn èèyàn yìí mà lọ́yàyà o," ló ń wí. Lẹ́yìn náà ni Ẹnu Oyin dé. Òun ló ń kó àlejò kiri ìlú, ogún-ogún, tó ń gbé agbòòrùn sókè kí wọ́n má bàa sọnù. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ kò tó o, ó fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ọkọ ìyá yìí wọ òkun lọ tí kò padà mọ́. Bàámi! Káfíńtà tó jẹ́ pé bó bá dúró sétíkun lásán, bó bá kàn ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń mì, èébì á gbé e! Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, lẹ́yìn tó bá mi wí tán nítorí géètì tí mi ò tì. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń sunkún. Mo rí obìnrin kan tó kọ́kọ́ fi fóònù ya omijé ara rẹ̀ ní fọ́tò kó tó nù ún.

Wọ́n ń já òdòdó tí aládùúgbò gbìn. Wọ́n ń tọ̀ sẹ́yìn ilé wa. Wọ́n ń ju búrẹ́dì sójú fèrèsé, bí ẹni ń bọ́ ẹyẹlé.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi kan, Màámi ń fi búrẹ́dì rẹ̀ run tíì lójú fèrèsé. Kò sí eyín lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó máa ń pẹ́ lórí oúnjẹ, tíì a sì máa ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀ kí n tó bá a nù ún. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé gun orí korobá aládùúgbò wa, ó na fóònù wọlé títí tó fi kù díẹ̀ kó kan Màámi lẹ́nu. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀: "Wá wo bó ṣe ń jẹun! Ó mà wuyì o!" Kí n tó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ti mú fìlà Bàámi, ó ti dé e sórí rẹ̀ tó ń làágùn, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ pé kó ya òun ní fọ́tò.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Màámi ń wí. Búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Wọ́n rò pé àsìkò tó ń bá fìlà sọ̀rọ̀ ló tó.

Mo já fìlà gbà, mo sì da omi tí mo fi ń fọ abọ́, pẹ̀lú òróró àti èérún, lé ọkùnrin náà lórí. Ẹ wò ó, inú rẹ̀ dùn! "Ṣé o yà á? Ṣé o yà á?" ló ń bi ìyàwó rẹ̀, tí omi ìdọ̀tí ń kán ní imú rẹ̀.  Mo fọ fìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ òórùn ìpara ọkùnrin yẹn kò kúrò lára rẹ̀.

Màámi ti fèrèsé pa. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn àlejò ti ń bá mi jà ní tábìlì pé àwọn rìn dé nọ́ńbà mọ́kànlá, àwọn bá a ní títì. Ẹlẹ́rìn-ín pè mí.

"Bá ìyá náà sọ̀rọ̀. Kó máa ṣí i láago mẹ́wàá, kó máa tì í láago mẹ́rin-àbọ̀. Kí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà? Ṣebí ó kàn ń jókòó ni."

Ó yẹ kí n sọ pé ìyá mi ni. "Ó dáa, sà," ni mo sọ. Bí ẹ bá fẹ́ tutọ́ sí mi lára, ibí yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé, Màámi jókòó sínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ó ní, "Ìwọ tó o wà lọ́fíìsì wọn, bá mi wádìí ẹni tó ń rán wọn wá. Àti pé kí ló wà láago mẹ́rin? Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Wọ́n á kàn dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni ń retí nǹkan."

"Mà á wádìí, Màámi," ni mo wí.

Ọgbọ́n tí mo wá dá nìyí. Mo mú báírò, mo jókòó sẹ́yìn tábìlì mi, mo ń fagi lé nọ́ńbà mọ́kànlá lórí máàpù, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìka mi fi di dúdú. Kò tó ọjọ́ méjì tí àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: "Kí ló wà níbi tí ẹ fagi lé yìí?" Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di àdúgbò wa. Àwọn tí ì bá ti kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, wọ́n wá ń sáré lọ sí ojú fèrèsé wa. Ẹnu Oyin náà gbọ́, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà: "Ibi tí wọn ò fẹ́ kí ẹ rí rèé." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fèrèsé wa. Wọ́n ń fi ojú kan ihò tó wà lára pákó fèrèsé náà.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló kan ilẹ̀kùn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kí Màámi láti ìta, ó ní òun wá tọrọ àforíjì ni, Màámi sì ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lórí àpótí ìjókòó mi, máàpù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màámi ti ní kó ka ohun tí wọ́n kọ nípa òun, nítorí òun ò mọ̀wé. Ẹsẹ̀ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni nígbà tí olùkọ́ kà pé, "Bí aago mẹ́rin bá lù, yóò bá fìlà náà sọ̀rọ̀."

Màámi kò wo olùkọ́. Èmi ló ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà," ló wí.

Olùkọ́ tún un kà. Ó wò mí, ó wo Màámi, ó rọra kí wa pé ó dàbọ̀. Nígbà tó lọ tán, Màámi ní:

"Ọjọ́ tí ibà ń ṣe ẹ́ nìyẹn. O gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, o dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, o tún jáde lọ, o wá ń pariwo bọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣé o rò pé mi ò mọ ìró ẹsẹ̀ ọmọ mi ni? Mo ń sọ̀rọ̀ mi lọ. Mo ní ìwọ ni, kò séwu."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Kò bú mi, kò sunkún. Ó ní kí n bá òun gbé fìlà sínú àpótí, kí n fi aṣọ bò ó dáadáa. Mo gbé e. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àga rẹ̀ tí ó kọjú sí ògiri.

Mo sáré lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìyá mi ni, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rín rẹ̀ gbòòrò sí i.

"Ìyá tìẹ gan-an? Kí ló dé tó ò fi sọ látọjọ́ yìí? Ìyá àti ọmọ! Ìwọ náà á máa jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé, o jọ ọ́ púpọ̀."

Mo rí eyín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, títí dé erìgì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sórí tábìlì rẹ̀. Mo kó máàpù tó wà nílẹ̀, páálí mẹ́fà, mo dà wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ilé onígíláàsì, lórí ìfun ẹja. Mo fẹ́ kí Màámi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ń sáré ń rìn lọ sílé.

Mo yọ ní kọ̀rọ̀. Àwọn àlejò mẹ́fà kan dúró síwájú fèrèsé tó wà ní títì, wọ́n ń ya fọ́tò pákó rẹ̀. Mo fi èjìká gba àárín wọn kọjá. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo dúró díẹ̀, mo rò pé kò tíì gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà mo kan ilẹ̀kùn ilé wa.

"Ta ni o?"

"Èmi ni, Màámi."

Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún, tí ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sún mọ́ mi. Ó wá fi ohùn dídùn yẹn dáhùn, èyí tó fi ń kí àwọn èrò ojú ọ̀nà lóṣù àkọ́kọ́:

"Ẹ kú ìrìn o, àlejò. Ẹ má bínú, a ti tilẹ̀kùn. Kò sí nǹkan tí ẹ máa rí níbí mọ́."