Àwọn Tó Ń Mu Omi Náà

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún èèyàn ló ti rí i, bàbá. Láàárín wákàtí mẹ́ta péré!" Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ omi na fóònù rẹ̀ sí alukoro lójú, bí ẹni tó ń fi ẹran han ajá. "Kí lẹ tún fẹ́ lọ ṣe nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn?"

Alukoro wo fóònù náà, kò gbà á. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé nínú yàrá yìí, tó ń bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìlú.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún dára, ọ̀gá," ó ní. "Mélòó nínú wọn ló ń mu omi náà?"

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, àwọn tó ń yẹ omi wò ti rí i pé páìpù tó gba àdúgbò ìsàlẹ̀ kọjá ti lu, omi ẹ̀gbin sì ti wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, yóò tó ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá mu omi ẹ̀rọ láì sè é, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò bá a. Bó bá wá jẹ́ arúgbó tàbí ọmọ ọwọ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alukoro ti kọ ìkéde rẹ̀, kò fi epo pa á: Ẹ má mu omi ẹ̀rọ láì sè é. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé e sórí ayélujára, ó parí.

Ọ̀gá yíjú sí obìnrin tó ń bójú tó ojú ewé ilé iṣẹ́ lórí ayélujára, ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Àǹtí Fóònù. "Sọ fún wọn. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Àǹtí Fóònù wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ojú ewé wa máa ń fi ibi tí àwọn tó wò ó wà hàn. Ìlú mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Àwọn kan tiẹ̀ wà lókè òkun. Àwọn tó wà ní àdúgbò ìsàlẹ̀ ò ju ọgọ́ta lọ."

"Ṣé ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́, sà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa alukoro, ó gbé e mì. Ó mọ àdúgbò ìsàlẹ̀ dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé fóònù wọn kò mọ̀ ju kó dún, kí wọ́n gbé e.

"Ẹ gbọ́, bàbá." Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí tó wà lórí ayélujára, tí ọ̀rọ̀ bá ti rọlẹ̀, a ó yọ ọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n bá a nínú ìwé ìròyìn? Ìwé ìròyìn gan-an ti kú. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ọ̀rọ̀ náà ba alukoro níbi tó ń dùn ún. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló sin ìyàwó rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin ló gbé ìkéde ikú ìyá rẹ̀ sórí ayélujára. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn kọ "ó mà ṣe o" sábẹ́ rẹ̀, baba sì gbà pé ayé ti gbọ́. Òun tó ti ń fi iṣẹ́ ìkéde jẹun láti ọjọ́ yìí wá, kò fi ìlà kan ṣoṣo sínú ìwé ìròyìn fún ìyàwó ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ṣe ọmọge kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ọsàn dání, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?" ló wí. Alukoro kò tí ì gbàgbé bí àwọn ọsàn náà ṣe yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga.

Kò sọ èyí fún ọ̀gá. Kò kàn án. Ó ká ìkéde náà sí àpò, ó dìde.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ ní ó kú náà ni. Mo fẹ́ lọ bá wọn kẹ́dùn."

Ìdajì àwọn tábìlì nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ṣófo. Olóòtú, ẹni tí òun àti alukoro ti jọ mọ ara wọn láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú, gbé awò ojú rẹ̀ lé iwájú orí.

"Àgbà alukoro! Ìwọ nìkan ló kù tó ń fẹsẹ̀ rìn wá síbí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti di òǹtẹ-fóònù."

"Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo fẹ́. Ti ọ̀la."

Olóòtú ka ìkéde náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́, mi ò ní tàn ọ́. Ìwé tí à ń tà ní àdúgbò yẹn ò pé àádọ́ta mọ́."

"Mo mọ̀. Ṣebí ìdí àtẹ ni wọ́n ti ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́? Ìwé kan, ogún èèyàn. Ẹni tó ríran á kà á sétí ẹni tí ojú ń dùn. Onítọ̀hún á gbé e délé, á sọ ọ́ fún ìyàwó. Kí oòrùn tó mú, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá tí kì í jáde."

"Mi ò rí ìbuwọ́lù ọ̀gá yín níbí."

"Fún mi ní bírò."

Ó bu ọwọ́ lù ú. Lábẹ́ nọ́ńbà ilé iṣẹ́, ó kọ ti ara rẹ̀ sí i. Bírò kò tí ì kúrò lórí ìwé tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Bàbá," ọ̀gá ní, "tí ìkéde yẹn bá fi jáde, ẹ ò ṣiṣẹ́ níbí mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó bá ìwé ìdádúró yín lórí tábìlì."

"Ọjọ́ Ajé jìnnà, ọ̀gá. Òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa mu omi."

"Ṣé ẹ̀ ń fojú di mí ni?"

"Rárá o. Omi ni mò ń sọ."

Olóòtú ń wò ó. "Ó ku ọdún mélòó kó o fẹ̀yìn tì?"

"Ọdún kan àtààbọ̀."

"O ò bá rọra ṣe é."

"Mo ti rọra ṣe é rí," alukoro ní. "Mo mọ ohun tó bí. Tẹ̀ ẹ́ jáde."

Nígbà tó dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀, tí eruku ti sọ di ilé, ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa. Akọ̀wé tó ń gba owó omi ti gbé tẹlifóònù mìíràn sétí. "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, títí kan èyí tẹ́ ẹ máa fi fọ eyín." Àǹtí Fóònù sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ya àwòrán ojú ewé ìwé ìròyìn yín, sà, mo gbé e sórí ayélujára. Àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ti ń pè wọ́n. Ọ̀kan ní òun pe ìyá òun, ìyá ní, 'Mo ti gbọ́ ọ nídìí àtẹ kí ìwọ tó jí.'"

"Ọ̀gá á ní kó o yọ ọ́."

"Ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní fóònù mi ti kú, kó jẹ́ kó sinmi."

Lọ́tẹ̀ yìí alukoro rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti tó oṣù mẹ́rin.

Ó ń dáhùn ìpè kẹsàn-án nígbà tí ọ̀gá wọlé.

"Bàbá. Ta ló ní kí ẹ wọlé?"

Alukoro fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù, ó nà án sí ọ̀gá. "Ìyá kan ni. Ó ní ọmọ-ọmọ òun pé oṣù mẹ́fà, ṣé òun lè fi omi ẹ̀rọ po oúnjẹ rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin lọ̀gá. Ẹ dá a lóhùn."

Ọ̀gá wo tẹlifóònù náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ọ̀gá. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Alukoro gbé e padà sétí. "Rárá o, ìyá. Ẹ sè é. Kó hó, kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó fi po ohunkóhun." Ó tẹ́tí. "Èmi? Alukoro ilé iṣẹ́ omi ni, mà." Kò gbé ojú kúrò lára ọ̀gá. "Ẹ tún pè lọ́la. Mo wà níbí."