Èmi Ni Mo Mú Un Wá

Ẹni tí wọ́n ń pè ní ògbufọ̀, tí kò mọ̀ pé kí èèyàn mú èèyàn yàtọ̀ sí kí èèyàn mú èèyàn wá, kí ló ń wá ní kọ́ọ̀tù? Kó lọ máa ta omi tútù! Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi. Ẹ má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe.

Àbúrò mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ náà kàn. Ajórin ni, géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe. Òun àti ọ̀gá ẹ̀ jà ní ṣọ́ọ̀bù, ó la irin mọ́ ọ̀gá lápá, eegun apá sì kán. Ọ̀gá yẹn ti ń bú u látàárọ̀, ó ń pè é lólè lójú àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n n ò ní torí ìyẹn gbè é. Àbúrò mi jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló wá sá lọ, ó fara pa mọ́ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé àbúrò ìyá wa. Ibẹ̀ ni mo lọ bá a. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní ẹni tó ṣẹ̀ tó tún sá, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ti di méjì. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹsẹ̀ la fi rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ tí a dé kọ́ọ̀tù, nǹkan kan ṣoṣo ni adájọ́ fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ pé àbúrò mi ló wá fúnra ẹ̀, á máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú un ni, àtìmọ́lé ló máa wà títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹjọ́ ibẹ̀ sì máa ń pẹ́ ju oyún lọ. Ìyàwó àbúrò mi ló jókòó sẹ́yìn mi, tó fọwọ́ gbé ikùn, tí ọmọ ti fẹ́ẹ̀ délẹ̀.

Lọ́yà wa, ọ̀dọ́bìnrin kan báyìí tó níwà, ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé sọ̀rẹ́ńdà, pé ó wá fúnra ẹ̀, ni Gẹ̀ẹ́sì tí adájọ́ fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Mà, ẹ ṣáà sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò."

Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba bi mí pé báwo ni àbúrò mi ṣe dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní, "Èmi ni mo mú un wá."

Ògbufọ̀ wá tún táì pupa ọrùn ẹ̀ ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti pàdé ní kọ́rídọ̀ ló ń sọ fún pé ìyá òun àgbà ló kọ́ òun ní Yorùbá. Ó yíjú sí adájọ́, ó da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Mo gbọ́ "kọ́ọ̀tì" nínú ẹ̀. Kọ́ọ̀tù tí a jókòó sí ni mo rò pé ó ń sọ. Mo tiẹ̀ tún mi orí sí i bí alángbá! Orí mi, kí lo mi orí sí?

Bí agbẹjọ́rò ìjọba ṣe fò dìde nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ jù mí lọ. Ó yíjú sí mi láti ibi tí wọ́n dá a dúró sí. Irú ojú tó fi wò mí yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àbúrò ẹnikẹ́ni fi wò ó.

Wọ́n ní ká lọ sinmi díẹ̀. Ní kọ́rídọ̀, lọ́yà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Mà, ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní ẹ lé e mú ni, ẹ wá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

"Èmi? Mo lé e mú? Ṣé adìyẹ ni?"

"Kọ́ọ̀tì tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Kí ọwọ́ tẹ èèyàn ni. Sọ̀rẹ́ńdà, kí èèyàn jọ̀wọ́ ara ẹ̀ ni, láìsí pé wọ́n mú un. Wọ́n tún ní gífọ́ọ̀pù, ìyẹn kí nǹkan sú èèyàn, kó jáwọ́. Wọ́n ní sọ́bùmíìtì, kó tẹrí ba. Ó jọra létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkan náà lójú òfin."

"Òfin tí kò dá mú mọ̀ yàtọ̀ sí mú wá, ìyẹn náà lójú? Ẹ̀yin fúnra yín ń gbọ́ Yorùbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ, mà. Adájọ́ ní lọ́yà ò lè ṣe lọ́yà kó tún ṣe ògbufọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa tún un sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

Mo ní n ò ní pariwo. Irọ́ ni mo pa.

Ìyàwó àbúrò mi rọra sún mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé ẹ mú un lóòótọ́?"

"Ìwọ náà, ìyàwó?" Omijé ìbínú ti lé ròrò sí mi lójú.

Nígbà tí wọ́n pè mí padà, n ò dúró kí ẹnikẹ́ni bi mí ní nǹkan kan. Ògbufọ̀ ni mo kọjú sí. "Ìwọ onítáì, lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ lọ síléèwé, ta ló mú ẹ lọ?"

Ẹnu ẹ̀ ti dáhùn kó tó ronú. "Ìyá mi ló mú mi lọ."

"Ó lé ẹ mú ni? Ó fi ṣẹ́kẹṣẹkẹ̀ sí ẹ lọ́wọ́ ni? Ó yá, túmọ̀ ìyẹn fún adájọ́!"

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ gbá tábìlì. Ògbufọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn, mo sì gbọ́ "sọ́rì" nínú ẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Àṣé a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní kò burú, òun gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá pe ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu géètì àgọ́ lọ́jọ́ tí a débẹ̀. Ọlọ́pàá ní òun rí i pé mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ àbúrò mi mú, pé àpá ìka mi tiẹ̀ wà lára ẹ̀. Kò parọ́. Onídìrí ni mí. Ọwọ́ tí mo fi ń dirí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó bá di nǹkan mú, ó dì í mú nìyẹn.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ dì í mú?" agbẹjọ́rò ìjọba bi mí.

"Òótọ́ ni."

"Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ bọ̀, kí lẹ dì í mú fún?"

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ọjọ́ yẹn ló dákẹ́. Mo mọ ìdáhùn ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi kọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù olóògùn, kò kúrò lọ́kàn mi rí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti ní kí n búra pé n ò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan, mo sì ti búra. Inú bí mi sí agbẹjọ́rò, inú bí mi sí onítáì, inú wá bí mi jù sí àbúrò mi tó fi ìbúra dí mi lẹ́nu. Lọ́yà ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo ń wo ilẹ̀. Mo rí i tí adájọ́ mú kálàmù.

"Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

Àbúrò mi ni. Yorùbá ló fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dúró kí ògbufọ̀ túmọ̀ ìkọ̀ọ̀kan kó tó sọ òmíràn. Kò wojú mi, kò wojú ìyàwó ẹ̀.

"Nígbà tí a dé kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó sórí pèpéle níwájú olóògùn, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Èmi ni mo na ọwọ́ mi sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n dì í mú. Mo ní, 'Ẹ má jọ̀wọ́ mi o. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ mi, màá sá.' Wọn ò jọ̀wọ́ mi."

Ohùn ògbufọ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà tó fi túmọ̀ èyí tó kẹ́yìn. Kò fọwọ́ kan táì ẹ̀ mọ́.

Adájọ́ yíjú sí i. Ó bi àbúrò mi léèrè nǹkan kan ṣoṣo: ta ló ní kí wọ́n dì í mú? Àbúrò mi ní, "Èmi ni." Adájọ́ kọ̀wé, ó sì sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ sọ̀rẹ́ńdà nínú ẹ̀ kedere, n ò tiẹ̀ dúró de ògbufọ̀. Ìyàwó ti ń sunkún lẹ́yìn mi.

Ẹ ò ní gbà pé inú ṣì ń bí mi. Bí àbúrò mi ṣe jáde sí kọ́rídọ̀ ni mo kò ó lójú. "Ta ló ní kí o sọ ọ́? Ìwọ kọ́ lo ní kí n búra? Lójú gbogbo èèyàn! Lójú ìyàwó ẹ!"

Ó kàn na ọwọ́ ẹ̀ sí mi, èyí tí mo dì mú lọ́jọ́ tí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ mú mi lọ sílé."

Mo dì í mú níbẹ̀, lójú ọlọ́pàá, lójú onítáì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn.