Ilẹ̀kùn Tí Kò Lọ́wọ́ Nínú

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Awákiri, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Iṣẹ́ fìríìjì ló ń ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń rán an láti ìlú dé ìlú kó lọ tún yàrá tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń kó ẹran àti ẹja sí ṣe. Bó bá ti fọwọ́ tán, kò ní lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Á yọ fóònù jáde, á máa wá àpótí kiri.

Eré kan ni. Àwọn èèyàn tí kò mọra wọn rí ló ń ṣe é káàkiri ayé. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré pamọ́ síbì kan, ó lè jẹ́ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó lè jẹ́ inú ihò ara ògiri, á wá fi àmì ibẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, á dá a padà síbi tó wà, á sì lọ sọ ọ́ lórí fóònù pé òun ti rí i. Ó parí. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Èrè wo lo wá ń jẹ níbẹ̀?"

Àfi wàhálà. Bí fóònù ò bá mú un dé òdìkejì odò tí kò ní afárá, òjò á ti wọnú àpótí, ìwé á ti rin gbindin. Ó ti wá ọ̀kan fún wákàtí méjì rí kó tó mọ̀ pé wọ́n ti gbé e lọ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀ṣọ́ báńkì kan ti mú un rí, níbi tó ti ń tọwọ́ bọ ìkòkò òdòdó ẹnu ọ̀nà wọn, àlàyé tó sì ṣe fún ẹ̀ṣọ́ náà burú ju ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án lọ. Òfin eré náà ni pé ẹni tó ń kọjá kò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó o ń wá. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe é á máa rìn bí olè, bẹ́ẹ̀ kò jí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé e rìnrìn àjò. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń mú lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí Ìyá, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rán aṣọ nọ́ọ̀sì ní ilé ìránṣọ kan, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, oṣù méjì sẹ́yìn ló sì ṣubú nínú ilé ìdáná rẹ̀, tó wà nílẹ̀ fún ìdajì ọjọ́ kí aládùúgbò tó gbọ́. Làwọn ọmọ bá ṣèpàdé. Wọ́n ní Ìyá ò lè dá gbé mọ́. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló máa lọ, torí ilé Ẹ̀gbọ́n ló tóbi jù. Ìyàwó Awákiri ò rí àyè gbà lẹ́nu iṣẹ́, ló bá ní kí ọkọ òun bá òun mú ìyá òun lọ.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé wọn dé ibùdókọ̀ ńlá kan ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Aago mọ́kànlá ni èkejì máa gbéra. Wọ́n kó báàgì fún ẹni tó ń tọ́jú ẹrù, Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Awákiri ní kí òun yọjú wo fóònù díẹ̀. Yíyọjú yẹn ló kó bá a. Àpótí kan wà nítòsí, kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ, nínú ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lódìkejì títì. Ẹni tó fi í pamọ́ kọ àlọ́ kékeré kan sí i: *Ẹni tó bá ń gòkè ni ọwọ́ rẹ̀ máa kàn mí.*

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀."

Ìyá wò ó. "Orúnkún tó ń ro mí yìí lo fẹ́ ká nà?"

"Kò jìnnà, mà. Lífìtì wà níbẹ̀."

"Mi ò rí ẹni tó ń fi lífìtì na ẹsẹ̀ rí," Ìyá ní, ṣùgbọ́n ó dìde.

Lífìtì gbé wọn dé àjà kẹrin. Àmì orí fóònù ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, ó wá dúró níbi ilẹ̀kùn irin kan ní igun. Awákiri tì í, ó sì rí àtẹ̀gùn. Inú rẹ̀ dùn. Níbo lèèyàn tún ti ń gòkè bí kò ṣe lórí àtẹ̀gùn?

"Ẹ dúró dè mí, mà. Ìṣẹ́jú méjì."

"Kí n dúró sáàárín mọ́tò bí ẹrù tí wọn ò tíì wá gbé?" Ìyá tẹ̀ lé e wọlé. Ilẹ̀kùn wúwo, ó padé lẹ́yìn wọn jẹ́jẹ́, ó dún kẹ́.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Awákiri fi ń fọwọ́ pa orí irin tí wọ́n ń dì mú kó tó sú u. Ìgbà tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ló rí i pé kò sí nǹkan tí òun máa dì mú. Irin pẹlẹbẹ lásán ni. Ó fi ọwọ́ tì í, ó fi èjìká tì í.

"Ṣé ó há ni?" Ìyá béèrè.

"Kò há, mà. Kò lọ́wọ́ ni."

"Ilẹ̀kùn wo ni kò lọ́wọ́?"

"Ìta ni wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ sí."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí àjà kẹta. Orúnkún Ìyá ò gbà kó yára. Lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn àjà kẹta, bákan náà. Ti èkejì, bákan náà. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ṣéènì dè é láti ìta. Bó o bá tì í, á ṣí ní ìwọ̀n ìka méjì, á dúró. Awákiri fẹnu sí àlàfo yẹn, ó pariwo. Ẹ̀yìn ilé ni, ibi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí. Jẹnẹrétọ̀ kan ń kù níbẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ mì. Fóònù ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tó júwe ọ̀nà páńpẹ́ fún un wá di pákó lọ́wọ́ rẹ̀.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, láàárín àjà kejì àti ìkẹta, ó ṣe tóóró, gíláàsì rẹ̀ nípọn, kò sì ṣeé ṣí. Ibùdókọ̀ ló kọjú sí. Ìyá gòkè padà dé ibẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọkọ ọmọ mi," ó ní, "kí la wá ṣe níbí gan-an?"

Awákiri ro irọ́ méjì mẹ́ta, kò sí èyí tó bá ibẹ̀ mu. Ó jẹ́wọ́. Ìyá gbọ́ ọ dópin.

"Ìwé lo fẹ́ buwọ́ lù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó o bá buwọ́ lù ú tán ńkọ́?"

"Màá dá a padà síbi tó wà, mà."

Ìyá fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ títí. "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ọwọ́ ara mi náà ni mo fi fún ẹ ní ọ̀kan."

Awákiri gòkè, ó lu ilẹ̀kùn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó pariwo. Nígbà tó padà dé, òógùn bò ó, Ìyá sì jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀rù ò bà yín, mà?"

"Ẹ̀rù kí ni? Mo ń fi kọ́ra ni."

"Ẹ ń fi kí ni kọ́ra?"

"Ilé Ẹ̀gbọ́n yín. Àjà kẹfà ni wọ́n wà. Ṣé o rántí pé mo lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Aago méje àárọ̀ lòun àtìyàwó rẹ̀ ń jáde. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní kí n má baà sọnù ni. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Oúnjẹ wà, omi wà, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Wọn ò fìyà jẹ mí o. Mo kàn máa ń lọ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú nígbà míì ni, màá dúró síbẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ló bi mí? Ìgbà tẹ́ ẹ ń ṣèpàdé, inú yàrá ni mo wà, mò ń gbọ́ yín. Ẹ sọ̀rọ̀ orúnkún mi, ẹ sọ̀rọ̀ ojú mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ èmi fúnra mi."

"Àna ni mí, mà. Mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín ọmọ ìyá."

"O lẹ́nu. O pa á dé ni."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ìtìjú àna ló pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé; bó bá la ẹnu, wọ́n lè ní kó wá gbé Ìyá. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ní òun máa gbà á, ọkàn Awákiri balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó sì dìde lọ bu omi tútù fún gbogbo wọn. Ó rántí omi yẹn báyìí.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ó ń wo ọkọ̀ wọn láti ojú fèrèsé. Awakọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé. Awákiri fi ìkúùkù lu gíláàsì títí ọwọ́ fi ń ta á. Ọkọ̀ fẹ̀yìn rìn, ó yí, ó lọ.

"Ó ti lọ?" Ìyá béèrè. Ojú rẹ̀ ò lè ríran débẹ̀.

"Ó ti lọ, mà."

Ó retí kí Ìyá bínú. Ìyá mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì wálẹ̀ bí ìgbà téèyàn sọ ẹrù kalẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Awákiri ti rí lẹ́nu wíwá kiri, kò sí èyí tó wù ú kí òun má rí tó ìyẹn.

Nígbà tó ṣe, Ìyá fẹ́ dìde. Ó gba irin àtẹ̀gùn mú láti abẹ́, ó fa ara rẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójijì.

"Kí lèyí? Ó le bíi bọ́tìnnì."

Ike kékeré kan ni, kò ju ààbọ̀ ìka lọ, mágínẹ́ẹ̀tì ló fi lẹ̀ mọ́ abẹ́ irin. Awákiri ti fọwọ́ pa orí irin yẹn kọjá ní ìgbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ò dùn nìkan ló ń dì í mú láti ìsàlẹ̀. Ó ṣí i. Ìwé inú rẹ̀ ti tutù, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ó wá bíírò nínú àpò. Inú báàgì ni bíírò wà, lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ẹrù.

"Nílé ìránṣọ wa," Ìyá ní, "ẹni tí kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló ń tẹ̀."

Awákiri fi àtàǹpàkò ra ìpata ara irin, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìyá náà na tirẹ̀. "Èmi ni mo rí i," ó ní, ó sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àna rẹ̀.

Ó ti ń lọ sí aago kan ọ̀sán kí wọ́n tó gbọ́ ìró garawa. Obìnrin kan tó ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn àjà kẹta, ó fi garawa dí i kó má padà dé, ó rí wọn, ó dúró.

"Ẹ̀yin wo nìyí? Ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ni?"

Wọ́n kọ ọ́ ní pupa gàdàgbà: *Ẹ má gba ibí. Ilẹ̀kùn yìí máa ń ti ara rẹ̀.* Ojú Awákiri wà lórí fóònù nígbà tó ń tì í.

"Ojú tèmi ò ríran," Ìyá sọ fún obìnrin náà. "Ti ẹni yìí ni mi ò lè sọ."

Bí wọ́n ṣe jáde síta, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyàwó rẹ̀ ti pè é nígbà mẹ́sàn-án.

"Ọkọ̀ fi wá sílẹ̀," ó ní. "Àpótí ni mo lọ wá."

Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé, "Pẹ̀lú ìyá mi?"

"Màá gba gbogbo èébú tó o bá ní. Kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná." Ó sọ ti ilẹ̀kùn àjà kẹfà fún un, ti aago méje sí aago mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò mọ̀. Ó tún un sọ pé òun ò mọ̀. Awákiri ní, "Jẹ́ kí Màmá máa bá mi bọ̀ nílé wa."

Ìyá nawọ́, ó gba fóònù. "Ilé yín ò gbà mí, ẹ má parọ́ fúnra yín. Màá lọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ tèmi náà. Ọkọ rẹ ló máa sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n rẹ. Tó bá jẹ́ èmi, wọ́n á ní ogbó ló ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n wọ ọkọ̀ aago mẹ́ta. Lójú ọ̀nà, Awákiri kọ ọ́ sórí fóònù pé òun ti rí àpótí, àti pé àtàǹpàkò làwọn tẹ̀ sórí ìwé rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹni tó ni ín fi dá a lóhùn pé òun kì í gba àtàǹpàkò, orúkọ ni òun ń gbà. Ó ti pa ohun tí Awákiri kọ rẹ́. Ó ka èsì náà fún Ìyá. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Nílé Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Awákiri ò tíì fọwọ́ kan tirẹ̀ tó fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan wà. Ẹ jẹ́ kí Màmá ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn."

Ẹ̀gbọ́n dá oúnjẹ dúró. "Ṣé wọ́n ní mò ń ti ìyá mi mọ́lé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí wọ́n bá jáde tí wọ́n ṣubú sójú títì ńkọ́?"

"Ilé ni wọ́n ti ṣubú, sà. Inú ilé tiwọn."

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ní kọ́kọ́rọ́ méjì péré làwọn ní, ẹni tó ń gé e ò sì ní ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wà yẹn. Òtẹ́ẹ̀lì méjì ń retí Awákiri lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, ó ní òun máa dúró títí wọ́n á fi gé e.

Orí àga pálọ̀ ló sùn mọ́jú ọjọ́ mẹ́ta. Yàtọ̀ sí "ẹ káàárọ̀" àti "o ṣeun," Ẹ̀gbọ́n ò bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Awákiri àti Ìyá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Èyí tó kọ́kọ́ gé ò wọlé. Wọ́n padà lọ gé òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé, Ìyá fìka wá ihò ara ilẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ fi í sódì, ó tún un fi sí, ó yí i.

"Dúró sínú," ó ní. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn láti ìta. Awákiri gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ síbi lífìtì, ó gbọ́ tí lífìtì ṣí, tó sì padé.

Ó jókòó. Ó dìde. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó padà sẹ́yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí kọ́kọ́rọ́ tó dún, tí Ìyá wọlé, tó ń mí gùlegùle, tó sì jókòó sórí àga tó súnmọ́ ọn jù.

"Kí lẹ rí nísàlẹ̀, mà?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," Ìyá ní. "Mo kàn dúró ni." Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò aṣọ rẹ̀. "Gbé báàgì rẹ, kí ọkọ̀ má tún lọ."