Ilé Kẹtàlélógún

Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbénugbénu. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò bá ìgbìmọ̀ ìlú wa jókòó rí, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọ́n ti yọjú lójú fèrèsé.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn méje fi jiyàn lórí ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta ní kí wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ gba àárín ìlú kọjá, kí mọ́tò máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn mẹ́ta ní rárá o, ọ̀nà ẹ̀yìn-ìlú tó ti wà nílẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa ni kí wọ́n fẹ̀, kí wọ́n tún ṣe, kí ọkọ̀ ńlá máa gba ibẹ̀ yí ìlú po. Alága wà láàárín, ó ń mu omi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò níyanjú mọ́, ẹnjiníà tí ìgbìmọ̀ gbà síṣẹ́ ọ̀nà náà ní ohun tí ẹnu ò bá lè parí, kí ojú parí ẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ fún káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Afojúwọn, pé kó gbẹ́ odindi ìlú sórí tábìlì. Ilé mẹ́tàlélógójì tí márosẹ̀ máa wó, kó jẹ́ kí wọ́n ṣeé yọ bí ìdérí ìgò. Òun á yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan lójú ìgbìmọ̀, òun á sì tẹ́ pátákó dúdú gbọọrọ kan síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà nìyẹn.

Afojúwọn gbà á. Ó ka ìwé ẹnjiníà dé ilé kẹtàlélógún, ó bá ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ bàbá mi, ọmọ agégi-má-gé-ìka, o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, ọ̀dà ò tíì gbẹ."

"Èwo ni tèmi nínú gbogbo eléyìí?"

Ó nawọ́ sí i. Kò tóbi ju ẹ̀là ṣúgà kan lọ. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí.

"Fèrèsé ilé ìdáná mi dà?"

"Fèrèsé ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi."

"Gbẹ́ ẹ sí i."

Ó gbẹ́ ẹ sí i. Ẹ̀gbọ́n ṣàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ọkọ rẹ̀ ti fọ́jú, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, kò jọ afọ́jú rárá. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń po tíì fún àlejò, ó sì ń bá wọn wí pé wọn ò ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ẹni tó bá kó bàbá yẹn kúrò níbẹ̀ ti fọ́ ọ lójú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kan pàápàá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Lọ́jọ́ ìpàdé, laago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n gbé tábìlì sáàárín ìgbìmọ̀. Afojúwọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ará ìlú. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yọ ilé oníbúrẹ́dì. Ó yọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó ń kó wọn sínú páálí bàtà kan. Ó dé ilé kẹtàlélógún, ó fà á. Kò wá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún fà á. Tábìlì ló tẹ̀lé e.

"Ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀," alága wí.

Ẹnjiníà gbọ̀n ọ́n. Gbogbo ìlú mì tìtì. Ilé ìgbìmọ̀ ṣubú sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ilé kẹtàlélógún dúró.

Ó fi í sílẹ̀, ó yọ àwọn yòókù tán, ó wá tẹ́ pátákó dúdú. Pátákó gun orí òrùlé ilé náà, ó ń lọ sókè sódò bí jáńgílófà ọmọdé.

"Káfíńtà," alága wí, "kí ló mú ilé yìí dání?"

"Gọ́ọ̀mù ni, sà."

"Gọ́ọ̀mù nìkan?"

"Gọ́ọ̀mù àti èèkàn igi."

"Èèkàn mélòó?"

"Mẹ́rin, sà."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọn ò ní."

"Kí ló fà á?"

Afojúwọn ronú sí i. "Bàbá wa tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní ohunkóhun tí mo bá ṣe fún ará ilé, kí n fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀. Ó ní oníbàárà á dá iṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n ará ilé, títí tí wọ́n á fi kú ni wọ́n á máa rojọ́ ẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, sà. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi ṣe é."

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ń jà fún ọ̀nà ẹ̀yìn-ìlú dìde. "Èmi ti rí àmì. Ẹ jẹ́ ká lọ fẹ ọ̀nà ẹ̀yìn-ìlú."

"Àmì kọ́," ni ọ̀gá onímọ́tò tó ń jà fún márosẹ̀ fèsì, "gọ́ọ̀mù ni."

Ẹnjiníà ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà gba òkè ilé náà kọjá. Ọ̀gá ilé-ìwé béèrè bóyá ẹni tó bá ń gbàdúrà nísàlẹ̀ á gbọ́ àmín tara ẹ̀. Ẹnjiníà ní òun ò tíì ṣírò ìyẹn.

Ìgbà náà ni alága gbé ife kalẹ̀. "Kí ọ̀nà là sí méjì ńkọ́? Kí ìkan gba ọ̀tún ilé náà, kí ìkan gba òsì, kí wọ́n tún pàdé níwájú."

Ẹnjiníà fi pẹ́ńsù fà á sórí tábìlì. Ó bọ́ sí i.

"Ó parí," alága wí. "Ìbò tèmi ti dé nìyẹn, márosẹ̀ ni. Màmá, ẹ dìde ká rí yín. Ilé yín ò ní wó mọ́. Ẹ dúpẹ́."

Afojúwọn mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó rìn wá sídìí tábìlì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Mo dúpẹ́, Alága. Ọkọ mi ò ríran. Tó bá jáde láàárọ̀, ìró ẹ̀rọ aránṣọ ló fi ń mọ̀ pé òun ti kọjá géètì wa. Òórùn búrẹ́dì ló fi ń mọ ibi tó máa yà sí. Ajá ilé kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti ń gbó o láti ọdún mẹ́fà láì gé e jẹ, ibẹ̀ ló ti ń yí padà wálé. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa yìí, ibo ló jáde sí?"

Ẹnjiníà wo tábìlì. "Sí márosẹ̀, mà."

"Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

"Márosẹ̀ náà ni, mà."

Alága gbé ife sẹ́nu. Kò sí omi nínú ẹ̀. Ó kọ́kọ́ mu ún ná.

"Kí wá la máa ṣe, Màmá?" ó béèrè.

"Èmi ò mọ ọ̀nà là, nọ́ọ̀sì ni mí." Ó fa páálí bàtà náà síwájú ẹnjiníà. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi to àwọn ilé yìí padà sáyè wọn."